Bí Ọ̀kẹ́ Ṣe Gbé Ọ̀kẹ́ Dé Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀

Ẹ̀yin tí ẹ mọ òwe pa yìí, ṣé ẹ tiẹ̀ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń sọ pé ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù ká tó bá a ké ọfẹ? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹnu lásán lẹ fi ń pa á. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dìde kó sọ ọ́, kí èmi jókòó. Ẹ ò rí i? Kò sẹ́ni tó dìde.

Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ògiri yẹn, mo rí ọ o. Wọ́n ti sọ fún ọ pé irọ́ ni mo máa ń pa, àbí? Ó dáa. Òkè-Àparò ni wọ́n bí mi sí, ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá mi ló sì fi lé mi lọ́wọ́. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ jókòó síta kí ẹ̀fọn máa jẹ ẹ́. N kò ní tìtorí ẹnikẹ́ni yọ gbólóhùn kan kúrò nínú rẹ̀.

Láyé ìgbà náà, kò sí ọkọ̀, kò sí kẹ̀kẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ kó nǹkan láti ìlú kan dé òmíràn, orí rẹ̀ ni yóò fi rù ú. Bí ẹrù bá sì tóbi, ẹnì kan kì í dá a gbé rù. Ẹlẹ́rù á fi òṣùká sórí, á lóṣòó, á ki ọwọ́ bọ abẹ́ ẹrù, á gbé e sókè díẹ̀. Ìgbà náà ni àwọn tó dúró tì í á ké e pé, "Ọfẹ! Ọfẹ!" kí ẹrù lè fúyẹ́, wọn á sì bá a tì í gun orí. Ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ dáadáa: ọfẹ. Kò ròkè, kò sì rodò. Ẹ fi ohùn yẹn sọ́kàn, torí òun ló máa ba nǹkan jẹ́ níwájú.

Ọkùnrin kan wà ní Òkè-Àparò tó ń jẹ́ Ọ̀kẹ́. Ẹ ṣáà mọ̀ pé ọmọ tó bá wá sáyé nínú àpò ìbí tí kò bẹ́ là ń sọ ní Ọ̀kẹ́. Ọkùnrin yìí wá gbé orúkọ náà gẹ̀gẹ̀ bí ẹni pé òun ló rà á. Bó bá pàdé ẹni tó ru ọ̀kẹ́ ẹ̀gẹ́ bọ̀ láti oko, á dúró sójú ọ̀nà, á ní, "Ẹ̀yin, ẹ̀ ń gbé ọ̀kẹ́. Èmi, inú ọ̀kẹ́ ni mo gbà wáyé. Ta ló wá fẹ́ kọ́ mi ní ọ̀kẹ́ gbígbé?" Bẹ́ẹ̀ sì rèé, àdá àti akèrègbè omi ni ẹrù tó wúwo jù lọ tó gbé rí láyé rẹ̀.

Àṣé ọ̀rọ̀ ń bọ̀ wá bá a. Ọmọge kan wá kí ìbátan rẹ̀ ní ìlú wa, Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni, ìlú tó wà lẹ́yìn gbogbo òkè wa, tó jẹ́ pé bí ẹsẹ̀ èèyàn bá yá tó ẹsẹ̀ ìgalà, ó ṣì máa sùn lọ́nà kó tó débẹ̀. Ọ̀kẹ́ rí Àwẹ̀ró lódò, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ki ara rẹ̀ fún un. Inú ọ̀kẹ́ ni mo gbà wáyé, bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀. Àwẹ̀ró gbọ́ ọ tán, ó gbé ìkòkò omi rẹ̀ rù láì bẹ ẹnikẹ́ni, ó ní:

"Ẹnu rẹ gbé e dáadáa. Ó ku ọrùn."

Háà! Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Ọ̀kẹ́ lára. Láti ọjọ́ náà, bí wọ́n bá gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀, á kàn máa wò ó ni. Àwẹ̀ró náà fẹ́ràn rẹ̀, torí kò sí ọkùnrin mìíràn tó ń pa á lẹ́rìn-ín tó bẹ́ẹ̀. Àwọn méjèèjì bá fẹnu kò. Ó wá ku bàbá Àwẹ̀ró.

Bàbá Alááàrù ni wọ́n ń pe bàbá náà, torí ẹrù àwọn oníṣòwò ló fi gbogbo ìgbà èwe rẹ̀ rù. Ọrùn rẹ̀ ki bí òpó ilé. Nígbà tí Ọ̀kẹ́ lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, bàbá ò ní kó dìde.

Bàbá ní, "Ṣé o rí ọrùn yìí? Òun ni mo fi bọ́ ọmọ mi. Ẹnu rẹ ti ṣáájú rẹ dé ilé mi, mo ti gbọ́ ọ. Ọrùn ni mò ń wá. Gbogbo ẹrù ìdána Àwẹ̀ró, inú ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo ni kó wà, kí ìwọ fúnra rẹ sì fi orí gbé e láti ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ dé ẹnu ọ̀nà mi. Bí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ tẹ̀ lé ọ kí wọ́n bá ọ gbé e rù, kí wọ́n sì ké ọfẹ, ìyẹn ò burú. Ṣùgbọ́n bí ọ̀kẹ́ náà bá fi lè gun orí ẹlòmíràn, ẹ máa gbé e padà lọ. Bí òjò àkọ́rọ̀ bá sì rọ̀ kó o tó dé, ẹlòmíràn ni n ó fún lọ́mọ."

Ẹ ò mọ ohun tí Ọ̀kẹ́ sọ? Orí ìdọ̀bálẹ̀ yẹn ló wà tó fi ní, "Ọ̀kẹ́ kan péré, Bàbá? Ẹ ò tiẹ̀ ní kí n gbé méjì?"

Àwẹ̀ró tó ń yọjú lẹ́yìn ilẹ̀kùn káwọ́ lórí.

Nígbà tí Ọ̀kẹ́ padà délé, ó ro ẹjọ́ fún ìyá àgbà rẹ̀. Alájàpá ni ìyá yìí nígbà èwe rẹ̀. Iyọ̀ ló ń rù kiri ọjà òkèèrè, kò sí òkè tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò mọ̀. Ó fi oríkì pè é, ó ní, "Àkànjí ọkọ mi, ọrùn kì í le lọ́jọ́ kan. Láàárọ̀ ọ̀la, wàá kó òkúta sínú ọ̀kẹ́, ìwọ̀nba díẹ̀. Wàá lóṣòó, wàá fi ọwọ́ ara rẹ gbé e rù. Wàá gun òkè dé góńgó, wàá sì sọ̀ kalẹ̀. Bí ọrùn ò bá dùn ọ́ mọ́, fi òkúta kún un. Bẹ́ẹ̀ làwa náà ṣe máa ń ṣe ká tó lọ ọ̀nà jíjìn."

"Ìyá Àgbà, èmi Ọ̀kẹ́ náà? Òkúta?"

"Ìwọ Ọ̀kẹ́ náà ni. Gbé e."

Ó gbé e lóòótọ́, lọ́jọ́ kìíní. Kó tó dé ìdajì òkè, ó ti ń bá òkúta sọ̀rọ̀. Nígbà tó máa fi sọ̀ kalẹ̀, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ti gba omi sínú, ọrùn rẹ̀ sì ti gan. Bí ẹnì kan bá kí i láti apá òsì, gbogbo ara ló máa fi yí kó tó lè dáhùn. Àwọn ọmọdé àdúgbò rí ìyẹn, wọ́n bá pín ara wọn sí méjì, àwọn kan ń kí i lọ́tùn-ún, àwọn kan ń kí i lósì, kó lè máa yí.

Ọ̀kẹ́ jókòó, ó ronú. Ká ní ó ronú dáadáa ni, ìbá dùn. Ìdí igi àràbà ló gbà lọ. Àsìkò ẹ̀ẹ̀rùn ni, òwú àràbà ń já bọ́ sílẹ̀ láìsí ẹni tó bèèrè rẹ̀. Ó da òkúta nù, ó ki òwú bọ inú ọ̀kẹ́ títí ọ̀kẹ́ náà fi wú tó abà àgbàdo. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé e rù, ó ń súfèé lọ sókè. Lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, ó sáré gùn ún. Nígbà tó yá, ọwọ́ kan ló fi ń di ọ̀kẹ́ mú, ó ń fi ọwọ́ kejì ju ẹ̀pà sẹ́nu. Gbogbo ìlú lanu sílẹ̀. Wọ́n ní, "Àṣé lóòótọ́ ni, inú ọ̀kẹ́ ló ti wá!"

 Ìyá àgbà kàn bi í léèrè lọ́jọ́ kan pé, "Àkànjí, òkúta rẹ kì í dún mọ́?"

"Wọ́n ti mọ̀ mí, Ìyá Àgbà. Wọn kì í bá mi jà mọ́."

Tó bá mọ síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Rárá o. Ọ̀kẹ́ pe gbogbo ìlú jọ sí ẹsẹ̀ òkè, pé kí wọ́n wá wo bí òun yóò ṣe gbé ọ̀kẹ́ náà jó ní góńgó. Ó gun òkè, ó dé orí àpáta, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè. Bí ẹ̀fúùfù ọyẹ́ ṣe dé nìyẹn. Ó já ọ̀kẹ́ gbà lórí rẹ̀ wẹ́rẹ́, ó gbá a mọ́ àpáta, ọ̀kẹ́ bẹ́, òwú bo ìlú. Ó wọ inú ìkòkò ọbẹ̀. Ó lẹ̀ mọ́ irùngbọ̀n àwọn àgbà àti ti àwọn tí kò ní irùngbọ̀n. Adìyẹ kan tó ń sàba rò pé òun ti pa gbogbo ẹyin òun láìmọ̀, ló bá ń pe òwú ní ọmọ, ó ń sá tẹ̀ lé e kiri.

Ọ̀kẹ́ sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè, ó funfun bí lékeléke. Ṣé ẹ rò pé ó bẹ̀bẹ̀? Ó gbé àyà síwájú, ó ní, "Ẹ ẹ̀ rí nǹkan? Mo gbé òkúta títí ó fi rẹ òkúta, òkúta di òwú!"

Ẹ̀rín pa àwọn èèyàn, wọ́n ń yí nílẹ̀. Ìyá àgbà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó fà á wọlé, ó ní, "Àwa kọ́ lo tàn. Ọrùn rẹ lo tàn, àti orúnkún rẹ. Wọ́n sì máa san án fún ọ. Padà sídìí òkúta."

Ọ̀kẹ́ wo ojú ọ̀run, àwọsánmà ti bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú lápá ìlà oòrùn.  Bó bá ní kóun padà sídìí òkúta, àkọ́rọ̀ á bá òun lórí òkè, Àwẹ̀ró á sì bá ẹlòmíràn lọ. Ó ní, "Ìyá Àgbà, ẹsẹ̀ mi ti mọ òkè. Ọ̀la ni mò ń lọ."

"Ó dáa. Ọ̀rọ̀ kan ló kù tí mo ní. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ké ọfẹ kó o tó ki ọwọ́ bọ ẹrù."

"Iṣẹ́ àwọn ọ̀rẹ́ mi ni ọfẹ. Iṣẹ́ tèmi ni ọ̀nà."

Wọ́n di ẹrù ìdána: iṣu, obì, orógbó, ataare, iyọ̀, ẹja gbígbẹ, akèrègbè oyin kan, aṣọ òfì kan lórí gbogbo rẹ̀. Wọ́n rán ẹnu ọ̀kẹ́ náà. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ló tẹ̀ lé e, Láoyè ni olórí wọn, torí bí Láoyè bá kígbe lóko, ará ilé ló máa ń dá a lóhùn. Nígbà tó tó àsìkò láti gbé ẹrù rù, Ọ̀kẹ́ dúró ṣánṣán, ó kawọ́ mọ́ àyà, ó ní, "Ẹ gbé e lé mi." Kò lóṣòó. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló ké ọfẹ, àwọn náà ló lóṣòó, àwọn náà ló gbé e. Bí ọ̀kẹ́ ṣe jókòó sórí Ọ̀kẹ́, ọrùn rẹ̀ wọlé, a ò rí i mọ́. Orí àti èjìká di ọ̀kan.

Ṣùgbọ́n ó rìn o! Ẹ má fi í ṣe yẹ̀yẹ́ jù. Orúnkún rẹ̀ ń gbọ̀n, ó ń rìn. Bó bá dé ìdí igi, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ gbì, á sinmi, á tún dúró ṣánṣán, á kawọ́ mọ́ àyà. "Ẹ gbé e lé mi." Wọ́n á tún ké ọfẹ, wọ́n á tún gbé e. Àwọn òkè ń bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Ọ̀kẹ́ ń bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní, "Ìwọ òkè yìí, o kàn jókòó síbí láti ọjọ́ tí aláyé ti dáyé. Èmi ń rìn. Ta ló sàn jù nínú wa?" Nígbà kan Láoyè gbọ́ tí ẹnì kan ń fa imú lábẹ́ ọ̀kẹ́. Ó bi í pé, "Ọ̀kẹ́, ṣé ẹkún lò ń sun ni?"

"Òógùn ni."

"Láti ojú?"

"Ibi tó bá wù ú ló lè gbà jáde. Ẹ jẹ́ á máa lọ."

Láoyè káàánú rẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kí n gbà á dé ìdí igi yẹn nìkan. Ta ló máa rí wa nínú igbó?" Ọ̀kẹ́ ní rárá. Ó ní bí ẹrù náà bá gun orí ẹlòmíràn, Àwẹ̀ró á béèrè lọ́wọ́ òun, òun ò sì ní lè purọ́ fún un. Ó fẹ́ràn ọmọ yẹn, òótọ́ ibẹ̀ nìyẹn. Wọ́n ń bá a lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ tí wọ́n dé Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀, òjò ti ṣú bolẹ̀, àrá ti ń kùn. Àárín ọjà ni orúnkún Ọ̀kẹ́ ti kọṣẹ́, ọ̀kẹ́ bọ́ lulẹ̀ gbàmù sẹ́yìn rẹ̀, okùn ẹnu rẹ̀ já. Ilé Bàbá Alááàrù nìyí níwájú, téèyàn bá ju òkò á bà á. Láoyè na ọwọ́ rẹ̀ jáde, gbogbo rẹ̀ ti bó. Ohùn rẹ̀ ti há, torí ọfẹ tó ti ń ké láti Òkè-Àparò.

Ó ní, "Ọ̀kẹ́, mo fi Ọlọ́run bẹ̀ ọ́. Lóṣòó lẹ́ẹ̀kan yìí. Ki ọwọ́ tìrẹ bọ ọ́, ká jọ gbé e."

Ọ̀kẹ́ mọ̀ lọ́kàn rẹ̀ pé bí òun bá lóṣòó, òun lè má lè dìde mọ́. Ẹ̀rù yẹn ló ń bà á. Ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ ò gbà. Ó kawọ́ mọ́ àyà, ó gbé àgbọ̀n sókè. Ó ní, "N kò lóṣòó lọ́nà igbó, ṣé ìlú àna mi ni n ó ti wá lóṣòó? Ẹ ké ọfẹ. Bí ẹ bá ké e dáadáa, ẹrù á gbọ́."

Inú bí Láoyè. "Ọfẹ nìkan lo fẹ́? O máa gbọ́ ọfẹ lónìí!"

Ó fa èémí, ó figbe ta. Ẹ̀yin èèyàn mi, ohùn tó ti há kì í gbọ́ràn. Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ já wálẹ̀, ìparí rẹ̀ fò sókè. Ohun tó jáde lẹ́nu Láoyè kì í ṣe ọfẹ.

"Ọ̀fẹ́! Ọ̀fẹ́ o!"

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí wọ́n ṣe ń ṣe nílùú yẹn fún yín. Ìlú ẹlẹ́ja ni. Bí ọjà bá fẹ́ tú, tí ẹja tútù bá kù sí ẹlẹ́ja lọ́wọ́, kì í gbé e lọ sílé kó lọ jẹrà. Á ké e pé, "Ọ̀fẹ́!" Ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló ni ín. Nítorí náà, bí èèyàn bá ké ọ̀fẹ́ ní ọjà Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ nírọ̀lẹ́, kò sí ẹni tó máa bi í pé kí ló wí. Agbọ̀n nìkan ni wọ́n máa ń wá.

Wọ́n dé o! Arúgbó ń sáré, abiyamọ ń sáré, ẹni tó yarọ láàárọ̀ ń sáré. Wọ́n gba ẹ̀yìn Ọ̀kẹ́, wọ́n bo ẹrù. Ẹ sì rántí pé ọrùn Ọ̀kẹ́ ti gan, kò lè wẹ̀yìn. Ariwo èrò nìkan ló ń gbọ́, inú rẹ̀ wá dùn dé góńgó.

"Ẹ ò rí bí ará ìlú àna mi ṣe fẹ́ràn mi? Ẹ bá mi gbé e o!"

Wọ́n dá a lóhùn pé, "À ń gbé e, ọmọ dáadáa!"

"Ẹ bá mi gbé e gidi!"

"À ń gbé e! Olúwa á fi kún un fún ọ!"

"Ó ti ń fúyẹ́ àbí?"

"Ó ti ń fúyẹ́ gan-an!"

Láoyè ń fò sókè sódò. Ó fẹ́ sọ fún wọn pé ọfẹ lòun ké, kì í ṣe ọ̀fẹ́. Gbogbo bó ṣe ń là á mọ́lẹ̀, ohùn rẹ̀ ń fò sókè: "Ọ̀fẹ́ ni! Ẹ gbọ́ mi, ọ̀fẹ́ ni mo wí!" Àwọn tí kò tíì gbọ́ tẹ́lẹ̀ bá tún sáré dé.

Ọkùnrin kan tí ọrùn rẹ̀ ki bí òpó wà lára wọn. Ó ti wà nílé rẹ̀ nígbà tó gbọ́ igbe, ó sì ti wọ inú èrò bí ẹni tó mọ èrò ọjà í là. Ó gba akèrègbè oyin, ó gba obì, ó gba iṣu kan tó tó itan. Ó pa obì náà jẹ lójú ẹsẹ̀, ó fi oyin sìn ín, ó nu irùngbọ̀n. Ó ní, "Kí Ọlọ́run bá mi dá olóore yìí sí o. Ta tiẹ̀ ni?"

Bí Ọ̀kẹ́ ṣe gbọ́ ohùn yẹn, ó fi gbogbo ara yí padà.  Àpò ọ̀kẹ́ rẹ̀ ti tẹ́ pẹrẹsẹ nílẹ̀, ataare kan péré ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Àna rẹ̀ dúró níwájú rẹ̀, oyin ń kán ní irùngbọ̀n rẹ̀.

Àwẹ̀ró náà ti sáré dé. Ó wo Ọ̀kẹ́, ó wo ọ̀kẹ́, ó wo bàbá rẹ̀, ló bá figbe bọnu. "Yéè! Bàbá! Ẹrù ìdána mi lẹ̀ ń jẹ yẹn!"

Obì há Bàbá Alááàrù lọ́nà ọ̀fun, wọ́n ní láti gbá a lẹ́yìn.  Àwọn mìíràn rọra gbé ohun tí wọ́n mú sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹja ti wà lórí iná níbì kan, ẹnì kan sì ti ró aṣọ òfì. Ojú ti bàbá gidigidi, ẹ sì mọ ìṣe àgbà tí ojú bá tì, líle ló máa ń le.

Ó ní, "Bó ti wù kó rí, àdéhùn ni àdéhùn. Ẹrù ò dé ẹnu ọ̀nà mi. Òjò sì nìyí. Ó parí."

Àwẹ̀ró bú sẹ́kún. Ọ̀kẹ́ wo omijé yẹn. Ẹnu tó fi bú gbogbo òkè lọ́nà bá padà dé.

"Kò tíì parí! Bàbá, ẹ dákun, obì ìdána dà?"

"Ó wà níkùn mi."

"Oyin ńkọ́?"

"Ó wà níkùn mi."

"Iṣu ńkọ́?"

Bàbá wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ó wà lápá mi."

"Ẹ̀yin lẹ sọ pé kí ẹrù ìdána wà nínú ọ̀kẹ́ kan ṣoṣo, kí orí mi sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà yín. Ibi tí ẹrù náà wọ̀ sí, mo ti rí i." Ọ̀kẹ́ mú ọ̀kẹ́ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀, ó ya ẹnu rẹ̀ sílẹ̀ níwájú bàbá. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ wọlé."

 Bàbá Alááàrù wò ó, ó wò ó títí. Ó ní, "Gbogbo ayé ni mo fi orí rù, kò sí ọmọ èèyàn tó gbé mi rí. Ìwọ lo fẹ́ gbé mi?"

"Èmi Ọ̀kẹ́ ni."

"N kò ní bá ọ ṣe fúyẹ́ o."

"Ẹ má ṣe fúyẹ́, sà."

Bàbá ká ṣòkòtò, ó kó sínú ọ̀kẹ́ pẹ̀lú iṣu rẹ̀, ó jókòó, orí rẹ̀ nìkan ló yọ. Láoyè lanu láti ké ọfẹ. Àwẹ̀ró fò mọ́ ọn, ó fọwọ́ bò ó lẹ́nu.

"Pa ẹnu rẹ mọ́! Ẹlẹ́rù ò tíì gbé ẹrù, o ti fẹ́ ké ọfẹ! Ṣé ohun tó o kó bá wa kò tó ni?"

Ọ̀kẹ́ nìyẹn, tí kò tíì lóṣòó láti Òkè-Àparò wá. Ó lóṣòó láàárín ọjà Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ lójú gbogbo èèyàn. Orúnkún rẹ̀ dún pàkà. Ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ ọ̀kẹ́ bí ìyá àgbà rẹ̀ ṣe kọ́ ọ. Ó fa èémí, ó tì í. Ẹrù ò mira. Ó tún tì í, iṣan ọrùn rẹ̀ yọ síta, ojú rẹ̀ pọ́n. Ẹrù kúrò nílẹ̀. Kò kúrò púpọ̀, ìwọ̀n tí èkúté fi lè gba abẹ́ rẹ̀ kọjá ni, ṣùgbọ́n gbogbo wa la rí i. Wọ́n rí i, mo ní wọ́n rí i! Má já lu ọ̀rọ̀ mi.

Ìgbà yẹn ni Àwẹ̀ró ṣẹ̀ṣẹ̀ ké e, ohùn rẹ̀ tẹ́jú pẹrẹsẹ: "Ọfẹ!"

Gbogbo ọjà gbà á: "Ọfẹ! Ọfẹ!" Àwọn tó jẹ iṣu, àwọn tó gba ẹja, ẹni tó ró aṣọ òfì, gbogbo wọn ki ọwọ́ bọ ọ́. Bàbá Alááàrù gun orí Ọ̀kẹ́. Ọ̀kẹ́ ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó dúró, ó gbé ẹsẹ̀. Bàbá ń júwe ọ̀nà láti òkè: "Yà sọ́tùn-ún! Kòtò wà níwájú rẹ! Ọrùn rẹ ń gbọ̀n, gbé e dúró dáadáa, ṣé bí mo ṣe ń ru ẹrù nìyẹn?" Ọ̀kẹ́ ń dáhùn pé, "Ẹrù kì í sọ̀rọ̀, Bàbá!" Báyìí ni wọ́n ń bá ara wọn fà á títí wọ́n fi dé ẹnu ọ̀nà. Ọ̀kẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Bàbá ò tíì yọ ẹsẹ̀ kejì tán nínú ọ̀kẹ́ tí àkọ́rọ̀ fi dà sílẹ̀ wìì.

Bàbá dúró nínú òjò, ó fọwọ́ kan ọrùn Ọ̀kẹ́, ó tẹ̀ ẹ́ wò bí ẹni tó ń ra ẹran. Ó ní, "Àwẹ̀ró, bu omi fún ọkọ rẹ."

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyẹn, ẹni tó bá sì ní kò ṣẹlẹ̀, kó wá fi ọrùn tirẹ̀ hàn wá. Láti ìgbà náà, bí ẹnì kan bá dúró ti ẹrù rẹ̀ tó kawọ́ mọ́ àyà, tó ń wo ojú àwọn èèyàn, àwọn ará Ìdí-Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ké nǹkan kan. Agbọ̀n ni wọ́n máa ń lọ mú wá. Nítorí náà, ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́bàá ògiri láti àárọ̀, tó o ní kí n wá bá ọ bẹ bàbá ìyàwó rẹ, ìwọ dà? Ṣé o ti dé ilé rẹ̀ fúnra rẹ? O ò tíì dé ibẹ̀? Dìde, lóṣòó, ki ọwọ́ bọ ọ̀ràn rẹ. Bí mo bá rí i tó kúrò nílẹ̀, ohùn mi ò tíì há. Ẹlẹ́rù ní í gbé ẹrù ká tó bá a ké ọfẹ.